Ta Ni Kò Ní Mọ̀? Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Tó Ń Bi Sójà Amẹ́ríkà Léèrè Ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọ̀gá mi ní Office of People Analytics, Pentagon, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwádìí èrò ọkàn àwọn sójà Amẹ́ríkà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Àwọn ènìyàn yín ló kọ́kọ́ fi Yorùbá wá mi. Ní 2009, iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní MAVNI. Wọ́n ní àwọn ń wá oníṣègùn, àwọn sì ń wá ẹni tó gbọ́ àwọn èdè tó ṣọ̀wọ́n láàárín sójà wọn, kódà bí onítọ̀hún kò tíì ní ìwé ìgbélùú ayérayé. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà, Haúsá àti Ígbò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èèyàn tó lé ní 10,000 ló gba ibẹ̀ wọṣẹ́ ogun kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2016, mo sì wà lára wọn. Ọkùnrin kan pè mí lórí fóònù, ó ní kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe ìgbéyàwó nílé wa. Mo ti ṣàlàyé dé ibi tí ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó ní ó ti tó. Nítorí náà ẹ ní ògbufọ̀ nílé. Ẹ pè é kó wá kà á fún yín.

Ìdí mìíràn tún wà. Àwọn tí mo fẹ́ kó máa gbọ́ bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀, Yorùbá ni wọ́n: àwọn ọmọ wa tó ṣì wọ aṣọ yẹn lára, àwọn ìyàwó àti ọkọ wọn, àti àwọn ìyá ní Ìbàdàn tó rò pé ìbọn nìkan ni ẹ̀rù tó wà nínú iṣẹ́ ogun.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe sójà, n kò sì yìnbọn sí ẹnikẹ́ni rí. 42A ni iṣẹ́ mi, akọ̀wé ní ọ́fíìsì S-1 ti bàtálíọ̀nù. Ìwé ìsinmi, ìwé ìgbéga, owó oṣù tó há síbì kan, káàdì tó sọnù, ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo rẹ̀ ń bọ̀. Lọ́dọọdún, ìwádìí yín tí ẹ ń pè ní DEOCS á tún dé. Òfin ló ní kí kọ̀máńdà kọ̀ọ̀kan bi àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ bí ibẹ̀ ṣe rí lára wọn: ṣé ọ̀gá máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ṣé àwọ̀ ara ni wọ́n fi ń pín iṣẹ́, ṣé ẹnì kan ń fi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ yọ ẹlòmíràn lẹ́nu. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń dáhùn rẹ̀. Èmi ni mo máa ń lé àwọn ọmọ wa kiri pé kí wọ́n lọ tẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ kì í rí láti ọ́fíìsì yín. Ọjọ́bọ̀ kan ni, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. First Sergeant wa, àgbà sájẹ́ǹtì tó ń darí àwọn sójà, ti ní tó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì, kò gbọdọ̀ ku ẹyọ ẹnì kan tí kò tíì dáhùn. Kọ̀ǹpútà márùn-ún la ní, mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọdé tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé kí sójà tó lè ṣí ímeèlì tí líǹkì yín wà nínú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ki káàdì CAC rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà. Fọ́tò rẹ̀ wà lójú káàdì yẹn, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ipò rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ṣí líǹkì, ó ka ìlérí yín pé kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tí òun bá sọ. Ó wo káàdì. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó wá yíjú sí mi.

“Sájẹ́ǹtì, ta ni kò ní mọ̀?”

Mo ní kó ṣáà máa dáhùn. Ó tẹ “mo gbà” láti ìbéèrè àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn, kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, ó fa káàdì rẹ̀ yọ, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. First Sergeant rí gbogbo ènìyàn tó ń fẹ́, inú rẹ̀ dùn. Ìwé ẹ̀yin fúnra yín ló ní kò sí túláàsì nínú ìdáhùn, pé ẹni tó bá wù ú ni kó dáhùn. Ẹni tó kọ gbólóhùn yẹn kò tíì dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa rí.

Ìbéèrè ọmọ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, torí mo mọ ìdáhùn rẹ̀ díẹ̀, n kò sì lè sọ ọ́ fún un ní ọ̀rọ̀ tó máa yé e. Nínú iṣẹ́ yín, ìlérí méjì ló wà tí ẹ̀yin mọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí sójà sì ń gbọ́ bí ọ̀kan ṣoṣo. Yorùbá yà wọ́n sọ́tọ̀ láìsí wàhálà: “a ò mọ̀ ọ́” kì í ṣe “a mọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n a ò ní sọ.” Àwọn ìwádìí yín ńláńlá, bíi Status of Forces, irú kejì ni wọ́n. Ẹ fún oníkálukú ní nọ́ńbà, ẹ sì lè so ìdáhùn rẹ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ tó ti wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀: ọjọ́ orí rẹ̀, ipò rẹ̀, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. N kò bá yín jà lórí ìyẹn. Ibẹ̀ lẹ ti ń mọ irú ẹni tí kò dáhùn, tí ẹ fi ń jẹ́ kí ohùn àwọn díẹ̀ tó dáhùn gbé ìwọ̀n tó yẹ. Àwọn ọmọdé tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni kì í dáhùn jù, nítorí náà ọ̀kan nínú wọn tó bá sọ̀rọ̀ ń sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 2014, nígbà tí RAND, iléeṣẹ́ ìwádìí kan, bá Pentagon ṣe ìwádìí lórí ìfipábánilòpọ̀, wọ́n bi sójà bí 560,000. Àwọn tó dáhùn lé ní 170,000, bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣírò pé sójà bí 20,300 ni wọ́n fi ipá bá lò pọ̀, tí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ sí, tàbí tí wọ́n fọwọ́ kàn lára lọ́nà ìbálòpọ̀ láìfẹ́ wọn, lọ́dún kan ṣoṣo. Ìṣirò gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdá 70 tó dákẹ́. Ẹ̀yin ń pè wọ́n ní àwọn tí kò fèsì. Èmi jókòó láàárín wọn, mo sì mọ̀ pé wọ́n fèsì.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ní 1941, Henry Stimson tó jẹ́ Akọ̀wé Ogun ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bi sójà ní èrò ọkàn wọn, pé ọ̀rọ̀ tí a kò mọ ẹni tó sọ ọ́ ń ba ẹgbẹ́ ọmọ ogun jẹ́. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún náà, ilẹ̀ ọjọ́ kejì tí Japan ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor, àwọn olùwádìí ti wà láàárín sójà Division Kẹsàn-án ní Fort Bragg pẹ̀lú ìwé ìbéèrè lọ́wọ́. Samuel Stouffer, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Kí ogun tó parí, sójà tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù ni wọ́n ti bi léèrè.

Bí wọ́n ṣe ṣe é ló wú mi lórí. Wọ́n kó àwọn sójà jọ sí yàrá ìjẹun, wọ́n fún wọn ní ìwé àti pẹ́ńsùlù. Wọn kò jẹ́ kí ọ́físà kankan jókòó síbẹ̀. Ẹni tó ń darí wọn, sójà lásán bíi tiwọn ni. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kọ orúkọ. Ẹni tí kò mọ̀wé kà, wọ́n fi ẹnu bi í. Àwọn sójà aláwọ̀ dúdú, tí ẹgbẹ́ wọn ṣì wà lọ́tọ̀ nígbà náà, aláwọ̀ dúdú ni wọ́n rán sí wọn. Kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí líǹkì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé kí èèyàn tó ka ìbéèrè kìíní, ó ti kọ́kọ́ wo ẹni tó wà nínú yàrá.

Wọ́n sì lo ohun tí wọ́n gbọ́. Nígbà tí ogun Yúróòpù parí ní oṣù Karùn-ún 1945, tí gbogbo sójà ń pariwo ilé, àwọn sójà fúnra wọn ni wọ́n ti bi léèrè ta ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Ìdáhùn wọn ni wọ́n gbé ètò náà kà: máàkì kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan lẹ́nu iṣẹ́, òmíràn fún oṣù kọ̀ọ̀kan lókè òkun, márùn-ún fún àmì ẹ̀yẹ ogun, méjìlá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan títí dé orí ọmọ mẹ́ta. Ẹni tó bá ti pé 85, ó di ilé. (Bàbá tó bí bàbá mi wà ní Bọ́mà nínú Ogun Hítílà yẹn, lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Ó máa ń sọ pé orúkọ òun gan-an, wọn kò pè é tọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ká má tíì sọ èrò ọkàn.)

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ohun tó jẹ́ kí n mú kálàmù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú kan wà nínú company wa, ìyẹn ẹ̀ka kan nínú bàtálíọ̀nù, sájẹ́ǹtì bíi tèmi, òun nìkan ni obìnrin Nàìjíríà níbẹ̀. Bọ̀dá ló ń pè mí bí kò bá sẹ́ni nítòsí. Ọdún kan, ó lọ dáhùn DEOCS, kò tẹ “mo gbà” láti òkè délẹ̀ bí àwọn yòókù. Ó sọ òótọ́. Nígbà tó dé ibi tí ẹ ti ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ó kọ ọ́: ó ní bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ òru kò dọ́gba, pé àwọn obìnrin mẹ́ta kan ló máa ń bọ́ sí ní gbogbo ìsinmi ọdún. Òótọ́ ni. Èmi ni mo ń tẹ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà, mo mọ̀.

Kò dárúkọ ara rẹ̀, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé bí sójà bá ṣe kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ gan-an, láìyọ lẹ́tà kan, lẹ ṣe ń fi í ránṣẹ́ sí kọ̀máńdà rẹ̀. Ẹ kìlọ̀ ṣá, ẹ ní kí èèyàn má kọ ohun tí wọ́n máa fi dá a mọ̀. Òun sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú “kindly”. Ẹ̀yin ará mi tí ẹ lọ síléèwé ní Nàìjíríà, ẹ mọ “kindly” yẹn. Òun la fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìwé tí a kọ sí ọ̀gá. Amẹ́ríkà kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo tẹ ìwé àbọ̀ náà jáde, tí mo pín in fún wọn nínú ìpàdé. Ọ̀gá kan kà á sókè. Ó dé orí ọ̀rọ̀ yẹn, ó dánu dúró, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn tó jókòó náà rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó dárúkọ.

Kò sí ìyà kankan tó jẹ ẹ́. Wọn kò dín ipò rẹ̀ kù, wọn kò kọ ìwé sí i. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ yẹn lọ, Kindly ni wọ́n ń pè é. Ní ibi ìdárayá ìdájí, Kindly. Ní ìlà oúnjẹ, Kindly. Àwọn ọmọdé tí kò mọ ibi tí orúkọ náà ti wá ń fi í pè é tìfẹ́tìfẹ́. Ó máa ń dáhùn. Kí ni kó ṣe? Bó bá bínú, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn.

Àwọn àgbà wa ní etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin dá ẹ̀rọ tó ní àgádágodo, tó ní òfin, tó ní àwọn onímọ̀ ìṣirò lẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì ọmọ Ìjẹ̀bú ló tú u.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ó ní ẹ kì í gbé nọ́ńbà ẹgbẹ́ tí ìdáhùn rẹ̀ kò tó márùn-ún jáde. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ka èyí. Ká ní ènìyàn 60 ló dáhùn nínú company kan, tí ìwé àbọ̀ sì sọ pé 9 nínú wọn ní ọ̀gá kì í bọ̀wọ̀ fún àwọn. Ó tún sọ pé ọkùnrin 57 ló dáhùn, 6 nínú wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kò kọ nǹkan kan sí iwájú àwọn obìnrin, torí mẹ́ta péré ni wọ́n. Ta ni kò lè yọ 6 kúrò nínú 9? Obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sọ ọ́. Kọ̀máńdà kò nílò kọ̀ǹpútà fún ìyẹn, ẹ̀yìn ìwé oúnjẹ ọ̀sán tó. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀yin fúnra yín mọ irú ìyọkúrò yìí, ó wà lára ohun tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn olùwádìí kí wọ́n tó fún wọn ní iṣẹ́. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé kí ẹ pa ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ náà dé bí ẹ ṣe pa ẹnu ọ̀nà dé, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ dáhùn rí i. Kí ojú kọ̀ǹpútà sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀: ìwọ àti ẹni báyìí-báyìí lẹ jọ wà nínú àpótí kan, ẹ jẹ́ mélòó. Bí ó bá rí i pé òun nìkan ni, á mọ bí òun ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ òun.

Ọ̀rọ̀ tí sójà bá kọ sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ má fi bó ṣe rí ránṣẹ́ sí company kékeré mọ́. Kí ẹnì kan lọ́dọ̀ yín kà á, kó sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: “àwọn kan ní pínpín iṣẹ́ òru kò dọ́gba.” Iṣẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n sójà tó ń sọ èdè mìíràn nílé pọ̀ lábẹ́ yín, láti Èkó, láti Manila, láti Haiti, láti Nepal. Ohùn oníkálukú wọn hàn nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bí ilà ojú.

Ẹ rántí Fort Hood, bárékè ológun ní Texas. Ní oṣù Kẹrin 2020 ni wọ́n pa Vanessa Guillén níbẹ̀, sójà obìnrin ọmọ ogún ọdún. Òfin ìwádìí ọdọọdún ti wà níbẹ̀ ṣáájú, bó ṣe wà níbi gbogbo. Ìgbìmọ̀ aládàáni tí wọ́n rán lọ síbẹ̀ gba ìdáhùn lọ́wọ́ ènìyàn 31,612, ṣùgbọ́n wọn kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó ti sójà obìnrin 503, ojú kojú. Ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ 93 tó ṣeé gbàgbọ́ ló jáde lẹ́nu wọn. Nínú 93 yẹn, 59 péré ni wọ́n ti fi sùn rí. Ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n gbé àbọ̀ náà jáde, ọjọ́ kan náà tí àwọn ènìyàn Stouffer wọ Fort Bragg, ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n yọ ọ̀gá mẹ́rìnlá nípò tàbí kí wọ́n dá wọn dúró. Ohun 34 tí wọn kò tíì fi sùn yẹn, ibo ni wọ́n wà láti ọjọ́ yìí wá? Wọ́n wà lọ́kàn àwọn tó ti tẹ “mo gbà” láti òkè délẹ̀.

N kò ní kí ẹ má béèrè mọ́ o. Ní 2020, ìwádìí yín bi àwọn sójà bóyá oúnjẹ máa ń tó wọn nílé, ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìgbà kan wà lọ́dún náà tí kò tó. Sójà Amẹ́ríkà! Àwọn aláàánú ti ń pariwo rẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yín ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè pè wọ́n ní onírọ́. Ní oṣù Kìíní 2023, owó ìrànwọ́ Basic Needs Allowance bẹ̀rẹ̀. Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, mo bá sójà mélòó kan ṣe ìwé rẹ̀. Ọ̀kan ní ọmọ mẹ́rin. Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé àwọn kan ti dáhùn ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní, “Ìbéèrè wo?” Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ẹ bọ́ ọ, ẹ kò sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹnu òun àti ti ẹgbẹ́ òun wà níbẹ̀.

A máa ń sọ pé abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ̀yin béèrè, a tọ́ka ọ̀nà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, a tún bá yín ní oríta kan náà, ẹ tún ń béèrè, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, ẹ ní. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣe é, ìgbà kan ṣoṣo ni kọ̀máńdà kan kó wa jọ, tó gbé àbọ̀ náà sójú ògiri, tó ní: èyí lẹ sọ, èyí ni mo lè ṣe, èyí kò sí lágbára mi. Ó lo ogún ìṣẹ́jú. Lọ́dún kejì, n kò lé ẹnikẹ́ni dé ìdí kọ̀ǹpútà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, níbòmíràn báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi àwòrán ímeèlì yín ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ìkẹta irú rẹ̀ láàárín oṣù kan. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀: “Bọ̀dá, wọ́n tún ti dé. Ní ibí, àwa obìnrin méjì la wà. Ṣé kí n sọ̀rọ̀ ni àbí kí n tẹ̀ ẹ́ lọ?”

N kò tíì dá a lóhùn. Ẹ̀yin ni mo ń dúró dè.

Èmi ni,
Akọ̀wé S-1 àtijọ́.

(N kò kọ orúkọ. Ẹ ṣáà ní kò pọn dandan.)